Mo Pa Á Tán, Ó Tún Jí

Ìyàwó àbúrò bàbá mi kì í pe orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí. Mo ti dáyé kí wọ́n tó gbé Àǹtí wọlé, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ni wọ́n bá sọ mí ní Akọ̀wé. Orúkọ yìí ló wá sọ mí di alátùn-únṣe gbogbo ohun tó bá ń lo iná nínú ẹbí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni wọ́n pè mí láti Glyndon Estate, àdúgbò tó wà láàárín Woolwich àti Plumstead ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ lè gun àtẹ̀gùn ilé kan kí òórùn ọbẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí yín káàbọ̀ kí ẹ tó dé òkè.

“Akọ̀wé, kọ̀ǹpútà yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Mo pa nǹkan yẹn tán, ó tún jí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ̀rọ tí kò lẹ́jẹ̀ lára, àrùn wo ló ń ṣe é tí kò gbóògùn?”

Mo ní mo ń bọ̀. Inú bọ́ọ̀sì 53 ni mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì rí i pé ìbéèrè méjì ló so kọ́ra. Báwo ni ohun tí kì í ṣe ẹlẹ́ran ara ṣe ń kó àrùn? Kí ló dé tí a pa á tán tó tún jí? Àwọn tó ń ta apakòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń sáré fo ìkejì. Wọ́n á ní ẹ rà á, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Méjèèjì ni orí yìí fẹ́ dáhùn, ìkejì yẹn jù lọ, láápútọ́ọ̀pù Àǹtí la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ, títí kan ibi tí èmi Akọ̀wé fúnra mi ti ṣì í ṣe.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọ̀wé kà

Kọ̀ǹpútà dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó mọ̀wé kà, tó yára bí àṣá, tí kò sì gbọ́n rárá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó ka àṣẹ, kó sì ṣe é. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú rẹ̀, àwòrán, lẹ́tà, fíìmù, ìṣirò owó, àṣẹ kéékèèké ló gbé wọn dúró, ọ̀kẹ́ àìmọye ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdìpọ̀ àṣẹ tí wọ́n kọ jọ fún iṣẹ́ kan ni mo máa pè ní ètò. Ètò ni ohun tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà. Ètò ni ohun tí ọmọ yín fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà.

Ká ní Àǹtí kọ ìwé ọjà fún ọmọ ọ̀dọ̀ yìí pé kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Woolwich: iṣu méjì, ata rodo, ẹja gbígbẹ. Ó kà á, ó rà á, ó padà. Ká wá ní ẹnì kan ti yọ́ kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé: “Gbogbo ìwé ọjà tí o bá tún rí, da gbólóhùn yìí kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.” Ọmọ yìí kò ní béèrè ẹni tó kọ ọ́. Yóò délé, yóò rí ìwé ọjà ọjọ́ Sátidé lórí fìríìjì, yóò kọ ọ́ sí i. Aládùúgbò á wá yá ìwé náà wò, á gbé e lọ sílé tirẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ti ibẹ̀ á rí i, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kí oṣù tó parí, gbólóhùn náà ti wà ní gbogbo ilé tó wà lójú òpópónà. Kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́, kò mí. Ẹni tó ń kà á ló ń fún un lẹ́mìí.

Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ní kí ẹ fi òun ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìbùkún má bàa fò yín, irú rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀rọ̀ lásán ni, síbẹ̀ ó ti yí ayé ká, torí pé ó gbé àṣẹ ìdàkọ ara rẹ̀ dání, ó sì ń bá onígbọràn pàdé. Ẹ̀yin lè kà á kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Ẹni tó bá ní oko kòkó mọ̀ ọ́n: ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, omi inú igi ló ń mu, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí igi ń gbẹ. Àfòmọ́ ni mo máa pe ètò tó ń lẹ̀ mọ́ ètò mìíràn báyìí. Orúkọ tó wà lẹ́nu wa, kòkòrò, máa ń ṣì wá lọ́nà. Kòkòrò ní ẹsẹ̀, a lè fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa kó sì parí síbẹ̀.

Èrò yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà ilé lọ. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Hungary tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ti ṣàlàyé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1949 pé ẹ̀rọ lè gbé àṣẹ tí yóò fi bí irú ara rẹ̀. Ní 1982, Rich Skrenta, ọmọ ọdún 15 ní Pennsylvania, kọ Elk Cloner, àfòmọ́ tó ń ti díìsìkì dé díìsìkì lórí kọ̀ǹpútà Apple II. Ní ìgbà àádọ́ta tí ẹ bá fi díìsìkì náà tan ẹ̀rọ, ewì ránpẹ́ kan ló máa jáde. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Fred Cohen, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní California, fi irú ètò bẹ́ẹ̀ han kíláàsì rẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀, Len Adleman, sì sọ ọ́ ní “virus”. Ní 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Lahore, ní Pakistan, kọ èyí tí wọ́n pè ní Brain, wọ́n sì fi orúkọ wọn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀. Ojú ayé ṣì mọ́ nígbà náà.

Ọmọ ọdún 15. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọmọkùnrin Àǹtí náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfòmọ́, ekòló, abẹ̀bùnwọlé

Orí tábìlì ìjẹun ni mo bá láápútọ́ọ̀pù náà, fáànù inú rẹ̀ ń hó bí ìkòkò àmàlà. Bí ẹ bá wá ohunkóhun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibòmíràn ló máa gbé yín lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé pupa kan á bo gbogbo rẹ̀, á ní kòkòrò márùn-ún ti wà nínú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ tètè pe nọ́ńbà kan.

Mo béèrè bóyá wọ́n pe nọ́ńbà náà. Àǹtí dákẹ́, wọ́n wo ìkòkò ọbẹ̀.

Wọ́n ti pè é. Ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló rán òun ti ní kí wọ́n ka nọ́ńbà káàdì báǹkì fún òun, wọ́n sì ti kà á dé ìdajì kí ọkàn wọn tó sọ fún wọn pé oníṣẹ́ kì í kánjú báyìí. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Kò sí ohun tó kàn mí nínú kọ̀ǹpútà mọ́ ní wákàtí yẹn. Mo ní kí wọ́n tẹ 159 lórí fóònù wọn. Láti 2021 ni nọ́ńbà yẹn ti wà ní Britain. Ó ń so èèyàn tààrà mọ́ báǹkì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Báǹkì pa káàdì náà, wọ́n ní tuntun ń bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé orí fóònù la ti ṣe é. Ẹni tí olè ṣì wà ní yàrá rẹ̀ kì í dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa ka iye owó tó wà lápò rẹ̀ sókè.

Ìgbà náà ni mo wá pa Wáìfáì láápútọ́ọ̀pù. Ètò búburú òde òní kì í dá ṣiṣẹ́: ó máa ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi tó wà, kí ó gba àṣẹ tuntun, kí ó sì kó ohun tó rí fún un. Bí ọ̀nà bá ti di, kò lè gbàṣẹ, kò sì lè kó nǹkan jáde.

Kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tó wọlé. Àfòmọ́ nílò kí ẹnì kan ṣí ètò tó lẹ̀ mọ́ kó tó ràn. Ekòló kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó máa ń wá ihò lára kọ̀ǹpútà, á gba ibẹ̀ wọlé, á sì ti inú ibẹ̀ wá ihò lára ti ẹlòmíràn. Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Karùn-ún 2017, ni ekòló tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ àwọn kọ̀ǹpútà NHS, àjọ ìlera ìjọba ní Britain. Àǹtí rántí ọjọ́ yẹn dáadáa, torí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe, gbogbo ẹnu ibi iṣẹ́ ló sì gbà á. Ní àwọn ilé ìwòsàn Barts, ní òdì-kejì odò Thames, wọ́n ń dá ọkọ̀ aláìsàn gba ibòmíràn. Jákèjádò England, iye àdéhùn ìtọ́jú tí wọ́n fojú bù pé ó fagi lé tó 19,000.

WannaCry kò gbé fáìlì ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ wọ́n di àrokò. Ẹ rántí àrokò àtijọ́: owó ẹyọ àti ìyẹ́ àti ewé tí wọ́n so pọ̀, tó wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ gbangba, ṣùgbọ́n tí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Fáìlì yín wà nílé yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ajínigbé, yóò sì gbowó kó tó fi sílẹ̀. Ihò tí WannaCry gbà wọlé kì í ṣe ohun àṣírí mọ́ nígbà náà: Microsoft ti fi ìmúdójúìwọ̀n dí i láti 14 oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ògiri ẹni tó gbà á kò lanu, aláǹgbá kò ráyè. Ohun tó wá dá ekòló náà dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Devon, Marcus Hutchins, ṣàkíyèsí pé kó tó ṣiṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ ojúlé gígùn kan tí kò sí níbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi owó tí kò tó dọ́là 11 gba orúkọ náà. Bí ekòló ṣe ń pè tí ẹnì kan ń jẹ́ ẹ, ó ń dákẹ́.

Ẹ̀kẹta ni abẹ̀bùnwọlé. Àwọn Òyìnbó fi ẹṣin onígi tí àwọn ará Gíríìsì fi tan ìlú Troy jẹ sọ ọ́ lórúkọ. Kò wá ihò, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ gbà á wọlé fúnra yín, torí pé ó gbé ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù yìí ni wọ́n ti fi ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù sínú páálí ìfìwéránṣẹ́, ní oṣù Kejìlá 1989: nǹkan bí 20,000 díìsìkì tí wọ́n kọ sí lára pé ẹ̀kọ́ nípa àrùn éèdì ló wà nínú rẹ̀. Joseph Popp, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló wà nídìí rẹ̀. Díìsìkì náà kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà ní ìgbà 90 lẹ́yìn náà, ó máa kó fáìlì wọn pamọ́, á ní kí wọ́n fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Ọ̀tá tó dúró di àádọ́rùn-ún òwúrọ̀ kó tó ṣí ojú: ẹ wo sùúrù.

Ti Àǹtí, abẹ̀bùnwọlé ni. Mo pe àbúrò mi, ọmọkùnrin Àǹtí, láti yàrá. Lẹ́yìn tó ti wo ilẹ̀ títí, ó jẹ́wọ́ pé òun gba ètò ọ̀fẹ́ kan tó ṣèlérí láti máa fi owó kún àpò òun nínú eré. Windows béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí ètò náà máa yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ. Ó tẹ “Yes”.

Ibi tí ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ Àǹtí wà nìyẹn. Windows ni baálé inú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń fi àlejò sí pálọ̀. Kì í jẹ́ kó wọ yàrá, kì í jẹ́ kó yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ṣùgbọ́n baálé yìí ní ọ̀gá, onílé ni ọ̀gá rẹ̀, bí onílé bá sì sọ pé “Yes”, ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló fi lé àlejò lọ́wọ́. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tí abẹ̀bùnwọlé bá ṣe, orúkọ Àǹtí ló fi ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Kò sí wáyà tó já, kò sí irin tó dípẹtà. Ó ń gbọ́ràn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀; ẹni tó ń pàṣẹ fún un ló yí padà.

Pátákó ṣọ́ọ̀bù

“Báwo lẹ ṣe pa á?” Mo ní kí Àǹtí fi hàn mí. Wọ́n fi ìka gbá àmì rẹ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà mú, wọ́n fà á lọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, wọ́n sì da agbọ̀n nù. Iṣẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n pátákó lásán ni àmì yẹn, ó ń tọ́ka sí ibi tí ètò wà. Ẹni tó yọ pátákó ṣọ́ọ̀bù kan kúrò ní Plumstead High Street kò tíì ti ṣọ́ọ̀bù náà. Oníṣọ́ọ̀bù ṣì wà nínú, ó ń ka owó.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, àbúrò mi yọ ètò náà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ti padà. Èyí ló mú mi jókòó dáadáa. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, baálé máa ń ka ìwé kan tó ní orúkọ gbogbo ètò tó gbọ́dọ̀ jí lówùúrọ̀: aago, ohùn, Wáìfáì. Abẹ̀bùnwọlé ti kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé kejì tún wà, ti iṣẹ́ alákòókò, irú èyí tó ní “ní agogo méjì òru, wá ìmúdójúìwọ̀n.” Níbẹ̀ ni mo ti rí ìlà kan tó ní orúkọ bí ti ọmọlúàbí, tó ń sọ pé: ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wò ó bóyá lágbájá ṣì wà, bí kò bá sí, lọ gbé òmíràn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni pé olè tí wọ́n lé jáde ti fi àbúrò rẹ̀ sórí àjà, iṣẹ́ àbúrò kò sì ju kó yọjú láti wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n ṣì wà ní pálọ̀.

Mo pa ìlà náà rẹ́, mo yọ orúkọ náà nínú ìwé ìjí. Ẹ̀rọ ṣì lè tan wá jẹ o. Àwọn ètò búburú kan wà tó máa ń dúró sí àárín apakòkòrò àti baálé. Bí apakòkòrò bá béèrè pé fáìlì wo ló wà ní yàrá yìí, baálé á ka gbogbo rẹ̀, àfi ti olè. Ẹ̀ ń wá olè nínú òkùnkùn, olè ló bá yín gbé tọ́ọ̀ṣì. Ìdí rèé tí apakòkòrò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ fi ní ọ̀nà kan tí ó fi ń jí ṣáájú baálé: ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, apakòkòrò nìkan ni yóò dìde, yóò máa yí àká tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì sí kiri nígbà tí gbogbo ará ilé, àti rere àti búburú, ṣì ń sùn. Ètò tó ń sùn kò lè parọ́. Fáìlì lásán ni, ó nà gbalaja nínú àká bí iṣu.

Ilà ojú

Báwo ni apakòkòrò ṣe ń mọ ẹni tó ń wá? Nígbà tí ilà kíkọ ṣì wọ́pọ̀, àwọn àgbà kò ní láti bi ẹni tó kọ àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ tàbí pélé nípa ibi tó ti wá kí wọ́n tó fojú bù ú. Ètò náà ní ilà: ìlà àṣẹ kan tí kò sí lára ètò mìíràn. Àwọn tó ń ṣe apakòkòrò máa ń kó ilà àwọn ètò búburú jọ, wọ́n á sì fi ìwé ilà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yín. Ìdí nìyẹn tí apakòkòrò tí kò gba ìmúdójúìwọ̀n fún ọdún kan fi dà bí àgbàlagbà tó mọ àwọn baba yín dáadáa, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ọmọ ìsinsìnyí.

Àwọn olè kọ́gbọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tó ń yí ilà ara rẹ̀ padà nígbàkígbà tó bá da ara rẹ̀ kọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí apakòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwà. Ojú ò mọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ló ń fi fáìlì ẹgbẹ̀rún kan ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan? Kí ló dé tó fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìjí? Aládùúgbò tó rí ẹni tó ń ru tẹlifíṣọ̀n sọ̀ kalẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru kò nílò ilà ojú kankan. Wíwo ìwà máa ń ṣèèṣì mú aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nígbà mìíràn, torí àwọn èèyàn rere náà máa ń kó ilé lóru.

Ṣé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí apakòkòrò kò ní tàsé mọ́? Fred Cohen tí a ti dárúkọ fi ìrònú ìṣirò hàn pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ká ní babaláwo kan wà tí kì í tàsé, tó lè wo ẹnikẹ́ni kó sọ pé olè ni tàbí olè kọ́. Alárékérekè kan wá lọ bá a, ó ti pinnu lọ́kàn pé: bí ó bá ní olè ni mí, n kò ní jí abẹ́rẹ́ láyé mi, bí ó bá ní olè kọ́ ni mí, alẹ́ òní ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Èyíkéyìí tí babaláwo bá sọ, ó ti tàsé. Bẹ́ẹ̀ ni ètò kan ṣe lè gbé ẹ̀dà apakòkòrò sínú, kó bi í nípa ara rẹ̀, kó sì ṣe òdì-kejì ohun tó bá sọ. Nítorí náà, nígbà tí apakòkòrò bá kọ ọ́ síta pé òun kò rí nǹkan kan, ohun tó sọ ni pé òun kò rí nǹkan kan. Kò sọ pé kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú

Torí ìyẹn ni mo ṣe yàn láti wó ilé, kí n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀: kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, kí n sì fi Windows sí i lákọ̀tun. Èyí ni ìmọ̀ràn tí mo máa fún ẹnikẹ́ni tí ètò búburú bá ti gba kọ́kọ́rọ́ onílé lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí apakòkòrò fọwọ́ sọ̀yà tó. A kọ́kọ́ kó ohun tí Àǹtí kò lè pàdánù sórí díìsìkì ìta: fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ìwé iṣẹ́ wọn, lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́. A kò kó ètò kankan. Ohun wíwò ni fọ́tò. Ohun ṣíṣe ni ètò, inú ohun ṣíṣe sì ni àṣẹ máa ń sá pamọ́ sí. Àárín méjèèjì ni lẹ́tà wà, torí àwọn ìwé Word kan lè gbé àṣẹ mì. Mo tún wo ìparí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ní 4 oṣù Karùn-ún 2000, ètò kan láti Philippines tàn yí ayé ká nínú í-meèlì tó ń jẹ́ ILOVEYOU. Orúkọ fáìlì tó gbé wá ní ìrù méjì: àkọ́kọ́ ní ìwé kíkà lásán ni, ìkejì ní ètò ni. Windows máa ń fi ìrù ìkẹyìn pamọ́ kí ojú lè mọ́, bẹ́ẹ̀ ìrù tó fi pamọ́ ni òótọ́ wà.

Mo wó o. Mo tún un kọ́. Mo gba ìmúdójúìwọ̀n títí kò fi sí ihò tó kù. Àǹtí wọ àkáǹtì wọn nínú bùráúsà, ìyẹn fèrèsé tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ojúlé tí wọ́n fẹ́ràn sì padà wá fúnra wọn. Wọ́n fi ìrẹsì àti ẹja díndín lé mi lọ́wọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì bí akin.

Ọjọ́rú, fóònù dún. “Akọ̀wé. Ó ti jí o.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kí n má parọ́. Ilé tí mo wó títí dé ilẹ̀, ibo ni ó sùn sí? Inú bọ́ọ̀sì tí mo ń padà lọ ni mo ti rántí àwọn ojúlé tó padà wá fúnra wọn, mo sì fọwọ́ gbá orí.

Bùráúsà òde òní kì í kó ẹrù ẹni sí ibì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti wọ àkáǹtì yín, ó máa ń fi àkójọ ojúlé tí ẹ fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ aṣínà yín, àti àwọn àfikún, ìyẹn ètò kéékèèké tí a ń so mọ́ bùráúsà, ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé iṣẹ́ tó ni ín, kí ẹ lè bá wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn. Abẹ̀bùnwọlé ọjọ́sí ti so àfikún kan mọ́ bùráúsà Àǹtí. Bùráúsà, ọmọ onígbọràn, ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ. Mo wó ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní kété tí ilé tuntun dúró, a ránṣẹ́ sí abúlé pé kí wọ́n kó ẹrù wa tó wà lọ́dọ̀ wọn wá. Ejò wà nínú àpótí.

Nítorí náà ohun tó ń jí kò kú rí. Àwa ń pa á ní ibi tí a ti ń rí i, ó sì ń gbé ní ibi tí àṣẹ rẹ̀ ti ń wá: nínú ìwé ìjí, nínú iṣẹ́ alákòókò, nínú àkáǹtì tó wà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí.

Mo yọ àfikún náà nínú àkáǹtì. Lórí fóònù mi tó mọ́ ni Àǹtí ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà, torí èyí tí a bá tẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ náà lè kà á fún ọ̀gá rẹ̀. Mo wá ní kí àkáǹtì náà lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ jáde. Àkójọ ẹ̀rọ yọ: fóònù Àǹtí, láápútọ́ọ̀pù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́, àti láápútọ́ọ̀pù kan tí wọ́n lò kẹ́yìn ní alẹ́ àná.

“Èwo ni ẹ̀kẹta?” Àǹtí béèrè.

Àbúrò mi lọ gbé e wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láápútọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, èyí tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, ẹ̀rọ náà kò sì lè gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù lóru. Mo tàn án. Ojú ìwé pupa ló kọ́kọ́ yọ, kòkòrò márùn-ún, ẹ pe nọ́ńbà yìí.

Mo sọ pé n óò wó èyí náà. Ó bi mí bóyá ipele tí òun dé nínú eré yóò ṣòfò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò wo ojú rẹ̀ rárá, wọ́n ń gé ilá lọ.

“Akọ̀wé,” wọ́n ní, “tẹ̀ ẹ́.”